Omi Tó Ń Hó Láìsí Iná

Ìdajì òru ní Ushafa, létí adágún,
mo gbọ́ tí ẹ̀rọ kẹta ń jẹ òkúta.
Kò sí òkúta nínú páìpù.
Mo tú asẹ́ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá:
ewé mélòó kan, àti ẹsẹ̀ kan sálúbàtà ọmọdé.
Síbẹ̀ ó ń dún, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀,
bí ẹni ń mi èkùrọ́ nínú agolo mílíìkì.

Ọ̀gá Terngu ní abẹ́rẹ́ ìwọ̀n kò yẹ̀,
ó wà níbi tó yẹ kó wà.
Ó ní, "Ọláwùwọ́, oorun ló ń kùn ọ́,"
ó padà sídìí tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá Shekwolo, tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tí wọ́n gbà mí síṣẹ́,
kò fi ojú mọ ẹ̀rọ rí.
Irin gígùn kan ló máa ń fi tì í,
á fi orí kejì ti egungun ẹ̀yìn etí,
á dijú bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.
Ó sọ fún mi nígbà kan, ní Hausa tó lọ́ mọ́ Gbagyi:
"Omi kọ́ lò ń gbọ́. Ihò inú omi ni."

Ihò inú omi! Mo rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn.
Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò dé abẹ́ ẹ̀rọ rí.
Bí eré omi bá pọ̀ jù, tí ọ̀nà há,
á bojú wẹ̀yìn, á pòòyì, á di ààjà,
gbogbo rẹ̀ á sá kúrò láàárín,
àárín á ṣófo bí ihò abẹ́rẹ́,
níbẹ̀, nínú òtútù, láìsí igi, láìsí èédú,
omi á hó.
Á yé ẹyin wẹ́wẹ́ tí kò ní funfun, tí kò ní pupa,
èèpo wọn omi, inú wọn òfìfo.
Wọn kì í pẹ́ láyé.
Bí wọ́n bá ti dé ibi tí omi ti wúwo,
omi á pa wọ́n dé, pẹ́!
Ikú àìlóǹkà, kò sí òkú kan.
Ariwo nìkan ló kù, àti eyín.

Eyín ni mo wí.
Bàbá fi abẹ̀bẹ̀ irin àtijọ́ kan hàn mí,
ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí olóde bá jà.
Ikán kì í jẹ irin. Ìpẹtà kọ́.
"Nǹkan tí kò sí ló jẹ ẹ́," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀, Laraba, ń mọ ìkòkò.
Kó tó gbé e lé èjìká, á fi ìka kàn án;
bó bá dún gbì, ó ti sán nínú, ojú ìbáà dán.
Mo máa ń rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá ti kọ́ etí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti fa adágún wálẹ̀ lóṣù yìí.
Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo lọ síbi tí omi ń gbà wọlé.
Mo rí i: ìdodo kékeré kan lójú omi, ó ń yí,
ẹsẹ̀ kejì sálúbàtà yẹn sì ń yí lórí rẹ̀,
ó ń yí, kò rì, kò lọ.

Mo padà, mo pa ẹ̀rọ kẹta.
N kò bi ẹnikẹ́ni.
Kìtìpá ìdákẹ́jẹ́ já lu ilé ẹ̀rọ,
mo gbọ́ kòkòrò níta, mo gbọ́ ọ̀fun ara mi.

Nígbà tó di aago mẹ́fà, Kubwa jí.
Ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi, afẹ́fẹ́ ló bá pàdé: fùù,
ihò náà ti rin páìpù dé balùwẹ̀ wọn.
Fóònù ọ̀gá dún. Ó tún dún.
Ó gbọ́ èébú tán, ó wò mí títí,
ó na fóònù sí mi:
"Ìwọ lo gbọ́ ọ. Sọ ọ́ fún wọn."